Bátìrì Tó Ń Sùn ní Yàrá Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bátìrì ọkọ̀ kì í sùn nínú ọkọ̀ ní abúlé wa. Inú yàrá wa ló ń sùn. Bí bàbá mi bá ti gbé lọ́rì dé ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn obìnrin ti sọ ẹrù wọn kalẹ̀ tán, wọ́n á tú àwọn wáyà orí rẹ̀, wọ́n á gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn, wọ́n á sì gbé e wọlé. Pákó kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó jẹ́ ti bátìrì nìkan. Ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ kò gbọdọ̀ jókòó lé e.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́rì kan ṣoṣo ló ń sùn ní abúlé wa nígbà náà, lẹ́bàá ọ̀nà Erunmu, bátìrì rẹ̀ sì ni ohun tí olè lè tètè gbé lọ. Lọ́rì náà kì í ṣe ti bàbá mi. Ti ìyá kan ní Ìbàdàn ni, tí wọ́n ń ta gààrí àti èlùbọ́ lọ́pọ̀. Bàbá mi ni dírẹ́bà wọn, kò sì tíì pé ọdún kan tí wọ́n gba ọkọ̀ náà. Wọ́n ń kó àwọn obìnrin abúlé àti ẹrù wọn lọ sí ọjà Ìbàdàn, wọ́n á sì kó wọn padà. Ibẹ̀ ni oúnjẹ wa ti ń wá. Ilẹ̀ oko tó yẹ kó jẹ́ ti bàbá mi, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti gbin kòkó sí i nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó máa hú kòkó nítorí wọn.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ilé ni mo ṣì wà, mo sì máa ń bá bàbá mi jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ nípa bátìrì ju bó ṣe yẹ kí ọmọdé mọ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ lónìí, ẹ lè má mọ bí bátìrì ìgbà náà ṣe rí. Àpótí dúdú ni, ó wúwo bí òkúta, ọ̀dà ni wọ́n fi dí orí rẹ̀. Ẹnu mẹ́fà ló wà lórí ọ̀dà náà, ìdérí sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣí ìdérí, ẹ óò rí omi, ẹ óò sì rí orí àwọn òjé pẹlẹbẹ tó tò sínú omi náà bí ojú ewé ìwé.

Bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó mọ bátìrì yàn bíi tiwọn. Wọn kì í wo àwọ̀ rẹ̀ tàbí àwòrán tó wà lára rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé méjì tàbí mẹ́ta wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, nítorí èyí tó bá fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òjé inú rẹ̀ kéré. Wọ́n á fi èékánná tọ orí ọ̀dà náà kiri láti mọ̀ bóyá ó ti sán. Èyí tó bá wà lójú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ní kí ọlọ́jà gbé èyí tó ṣì gbẹ wá láti inú, kó sì da omi bátìrì sí i lójú àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á gbà á. Bó bá gbóná, wọ́n á dìde. Wọ́n ní èyí tó bá gbóná ti pẹ́ jù lórí àtẹ, afẹ́fẹ́ ti ráyè wọ inú rẹ̀.

Ọlọ́jà kan bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ra bátìrì ni, àbí ẹ fẹ́ tọ́jú aláìsàn?"

Bàbá mi kò gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n ní, "Bí àìsàn bá wà lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo fẹ́ kó wà."

Bí wọ́n ṣe ń yàn án náà ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n fi igi há a mọ́ àyè rẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n sì fi rọ́bà inú táyà dì í, kí gbágungbàgun ọ̀nà má baà mi òjé inú rẹ̀ já. Bí nǹkan funfun kan tó dà bí ìyẹ̀fun bá ń hù níbi tí wáyà ti kan òjé, wọ́n á dé gbogbo ẹnu bátìrì le, wọ́n á rẹ kán-ún sínú omi díẹ̀, wọ́n á fi àkísà rẹ omi náà, wọ́n á sì fi nu ún. Ìyẹ̀fun náà á hó, á sì lọ. Wọ́n á fi omi lásán nu ún tẹ̀lé e, wọ́n á fi òrí pa á. Bí omi inú rẹ̀ bá dín, omi òjò ni wọ́n fi ń kún un. Kì í ṣe omi òjò tó ti orí páànù ṣàn wá o. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí ó ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, ìgbà náà ni wọ́n á gbé abọ́ tánganran sí àárín àgbàlá. Wọ́n á rọ ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀ sínú ìgò, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn a máa sọ pé omi kànga ní iyọ̀ àti irin nínú, pé kò dára fún òjé.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, bátìrì bàbá mi ni kì í pẹ́ kú. Àwọn dírẹ́bà kan wà ní Ẹgbẹ́dá tí wọn kì í ṣí ìdérí tiwọn wò títí ọdún á fi yí po, bátìrì wọn sì ń ṣiṣẹ́ ọdún méjì. Èyí tí bàbá mi bá nínú ọkọ̀ náà kú láàárín oṣù mẹ́rin. Èyí tí wọ́n rà tẹ̀lé e kò tó bẹ́ẹ̀.

Bátìrì tó ń kú kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní òwúrọ̀, bàbá mi á tẹ sítátà, ọkọ̀ á ráhùn bí ẹni tí wọ́n jí kí oorun tó dá lójú rẹ̀, á sì dákẹ́. Wọ́n á ti irin bọ iwájú rẹ̀, wọ́n á máa yí i títí òógùn á fi bò wọ́n. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin tó ti jókòó sínú ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wa á sì jọ tì í. "Ọpẹ́ Ni" ni wọ́n kọ sí iwájú lọ́rì náà. Kò pẹ́ tí àwọn ará Erunmu fi sọ ọ́ ní "Ẹ Bá Wa Tì Í."

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ni ẹnu rẹ̀ mú jù nínú àwọn obìnrin inú ọkọ̀. Ìyá náà á fa ìró wọn so, wọ́n á ní, "Dírẹ́bà, ó ṣe tán, a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kúkú jẹ́ ká tì í dé Ìbàdàn."

Òmíràn á ní, "Ẹ wọlé jókòó jẹ́ẹ́, dírẹ́bà. Àwa la gbé yín lónìí."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín.  Ṣùgbọ́n mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn bàbá mi, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ wọ́n lára.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń ṣáájì bátìrì fún bàbá mi ní Àgọ́dì, n'Ìbàdàn. Kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí bátìrì kejì kú, bàbá mi gbé e lọ bá a, wọn kò sì kí i. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú àwọn dírẹ́bà mìíràn, wọ́n ní, "Omi lásán lo ń dà sí tèmi. Àwọn tó mọ̀wé lo ń da omi bátìrì gidi sí tiwọn."

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí o tún da kí ni sí i?"

Wọ́n gbé bátìrì wọn, wọ́n yí padà. N kò gbọ́ kí bàbá mi gbé ohùn sókè níta rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Ìyá ọlọ́kọ̀ kò pariwo ní tiwọn. Wọ́n pe bàbá mi sí ilé wọn, orí ẹní ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń ṣa èlùbọ́. Wọ́n ní, "Dírẹ́bà, ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ rà yìí. N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ. Bí ó bá tún kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mú kọ́kọ́rọ́ mi wá. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń bẹ̀ mí fún ọkọ̀ náà."

Bàbá mi ní, "Mo gbọ́, Ìyá."



Bátìrì kẹta, a pẹ́ kí a tó rí i. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin la wọ̀. Èyí tí wọ́n gbà níkẹyìn, mo gbé ọwọ́ tèmi náà lé e, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Inú wọn dùn sí i. Àsìkò ọyẹ́ ni, ọkọ̀ sì ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Àwọn obìnrin kò rí ohun fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Nígbà tó fi máa tó oṣù méjì, ní òwúrọ̀ ọjà kan, bàbá mi tẹ sítátà, ọkọ̀ sì ráhùn.

Wọ́n yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, wọ́n gbé e lé itan. Wọ́n jókòó síbẹ̀. Ìyá elélùbọ́ ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí ojú bàbá mi, wọ́n pa ẹnu dé, àwọn ló sì kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

A tì í, ó dáhùn, a dé Ìbàdàn. Bàbá mi gbé bátìrì lọ sí Àgọ́dì, sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bú. Wọn kò mọ ibòmíràn tí wọ́n lè gbé e lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ìgò gbọọrọ kan tó ní rọ́bà rìbìtì lórí, nǹkan kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń léfòó bí omi bátìrì bá lágbára. Ó fi fa omi láti ẹnu kìn-ín-ní. Nǹkan náà rì sí ìsàlẹ̀. Ó fa ti èkejì, ó rì. Ó fa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó wá fi orí ìka kan omi náà, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ dànù. Ẹ má ṣe irú rẹ̀ o, nítorí ó lè bó ẹnu.

Ó ní, "Bàbá, omi yìí ò kan."

Bàbá mi ní, "Ṣé kò wá dára bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kò dára. Kíkan rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Omi bátìrì gidi, bó bá ta sí aṣọ yín, ó máa jó o. Èyí tó wà nínú èyí, ẹ lè fi bọ́jú. Kí lẹ̀ ń dà sí i?"

"Omi òjò. Kò sí ohun mìíràn."

Ó mi orí. "Omi òjò kọ́ nìyí. Nǹkan kan ló pa kíkan rẹ̀. Màá gbé e sórí iná tí mo fi ń ṣáájì, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí fún yín."

Agbára tó gbà kò ju èyí tó gbé wa délé lọ. Nígbà tí a délé, tí ìyá mi gbé oúnjẹ wá, bàbá mi bu òkèlè kan, wọ́n dì í mọ́wọ́, wọn kò jẹ ẹ́. Wọ́n ní, "Oníbátìrì ní omi inú rẹ̀ ò kan mọ́ rárá."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Alihamudulilahi. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn."

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń gbé bátìrì wọlé ni nǹkan ti ń kan nínú yàrá yìí. Mo ṣí gbogbo ìkòkò wò, mo rò pé ọbẹ̀ ni. Ìgbà tí mo wá gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo mọ̀ pé òun ni. Mo bá ń fi kán-ún bíńtín sí ẹnu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń hó dáadáa, òórùn náà á sì rọlẹ̀."

Bàbá mi ń wò wọ́n.

Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin náà kúkú ń fi kán-ún nù ún lára. Mo ní ara nìkan kọ́ ló yẹ kó mọ́."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Gbogbo Jímọ̀ ni, bí ẹ bá ti lọ kírun. Kí ló dé?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má bínú sí ìyá mi. Ní ilé wa, ohun tó bá ti kan ti ń bàjẹ́ lọ nìyẹn. Bí ọbẹ̀ tàbí ẹ̀wà bá fẹ́ kan, kán-ún díẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà á padà. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn rí pé ohun kan wà láyé tó jẹ́ pé ìgbà tó bá kan ló dára. Bàbá mi gan-an kò mọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ náà.

Bàbá mi gbé òkèlè náà padà sínú abọ́, wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n sì ṣàlàyé fún wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọn kò pariwo. Ìyá mi jókòó sílẹ̀.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ìyá mi kó abọ́ oúnjẹ kúrò nílẹ̀. Wọ́n ní, "A ó jọ lọ bá Ìyá ọlọ́kọ̀ ni."

Bàbá mi ní, "Èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́."

"Èmi ni mo fi kán-ún sí i."

Ní ọjọ́ kejì, Àgọ́dì la kọ́kọ́ yà. Bàbá mi bọ́ fìlà níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní, "Níwájú èèyàn ni mo ti bú ọ. Níwájú èèyàn ni mo fẹ́ ti bẹ̀ ọ́." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò mọ ibi tí yóò wọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí bàbá mi má ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun. Nígbà tó bi wọ́n ní ohun tó pa bátìrì, ìyá mi sọ fún un. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa bí ẹni ń wá nǹkan lórí tábìlì, ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tí a dé ilé Ìyá ọlọ́kọ̀, wọ́n ti gbọ́ pé bátìrì kẹta ti kú. Kí bàbá mi tó dọ̀bálẹ̀ tán, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé o bá ọmọ tó ń ṣáájì yẹn jà lọ́jọ́sí. Òun ni, àbí? Bó bá jẹ́ òun ni, sọ. Gbogbo àwa tí a ní ọkọ̀ la jọ ń sọ̀rọ̀. Kò ní rí bátìrì ẹnikẹ́ni ṣe mọ́ ní Àgọ́dì."

Ẹ ò rí i bí ọ̀nà ṣe là. Bí bàbá mi bá ní ọmọ náà ni, ọkọ̀ kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Òun kọ́, Ìyá. Ilé mi ló ti wá."

Ìyá mi kò jẹ́ kí wọ́n fi ilé bò ó. Wọ́n ní, "Èmi ni, Ìyá. Ó ń kan, mo sì fi kán-ún sí i. Gbogbo Jímọ̀."

Bàbá mi yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, wọ́n gbé e sórí ẹní. Ìyá ọlọ́kọ̀ wo kọ́kọ́rọ́, wọ́n wo ìyá mi.

"Báwo ni òórùn náà ṣe rí?"

"Bí omi ògì tó ti di ọjọ́ kẹrin, Ìyá."

Ìyá ọlọ́kọ̀ gbé èlùbọ́ tí wọ́n ń ṣà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ti gbóòórùn ẹ̀ rí nínú ọkọ̀ yẹn. Gààrí àwọn obìnrin Erunmu ni mo rò pé ó kan. Mo tiẹ̀ ti bá wọn wí."

 Èlùbọ́ tí wọ́n ń ṣà ni wọ́n tún padà sí. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán. Ìgbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti kọ́kọ́rọ́ náà síwájú. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ bàbá mi ni wọ́n tì í sí, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni.

Wọ́n ní, "Gbé e fún ọkọ rẹ. Ìwọ ti mọ̀ báyìí. Dírẹ́bà mìíràn tí mo bá gbà, ìyàwó tirẹ̀ kò tíì mọ̀."

Bátìrì kẹrin sùn ní yàrá wa bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ wà níbẹ̀ lóru àti lọ́sàn-án. Ìyá mi kàn máa ń ṣí fèrèsé ni. Àwọn ni wọ́n wá ń gbé abọ́ tánganran sí àgbàlá bí òjò bá ń rọ̀. Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ gbọ́ ìtàn náà, wọ́n sì sọ ìyá mi ní Ìyá Oníkán-ún. Bí ìyá mi bá wọ ọkọ̀, ìyá elélùbọ́ á ní, "Ẹ yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò kó tó jókòó." Ìyá mi á la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún wọn wò, wọ́n á sì jókòó. Mo ti wọ ilé ìwé, mo sì ti lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ara bátìrì náà, kí ó tó kú.

Ayé ti yí. Bátìrì tó wà nínú ọkọ̀ mi lónìí kò ní ẹnu. Wọ́n ti lẹ orí rẹ̀ pa láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ó rọrùn, n kò sì ní sọ pé ti àtijọ́ dára jù, ẹ̀yìn mi kò lè gbé irú èyí tí bàbá mi gbé. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ṣì lè gbé méjì wò, ẹ lè béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é, kí ẹ sì so ó dáadáa kó má máa mì. Ìyókù ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Lọ́dún tó kọjá, tèmi kú lójijì. Ẹni tó tà á fún mi wá wò ó, mo sì bi í ní ohun tó pa á. Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá, ó kàn kú ni. Ẹ jẹ́ ká fi tuntun síbẹ̀." Ó fi tuntun síbẹ̀, kò pẹ́ rárá, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo wọlé, mo jókòó. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ ti wà nílé wọn. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́ nílé mi nísinsìnyí, kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ pé òun ló bà á jẹ́.